Olóòtú, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn onílù sílẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tí ẹ ń gbé jáde. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ń rà á wá sílé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di pé èmi ni mò ń rà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á ní ìkòríta, ojú ewé lẹ́tà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Lẹ́tà kan jáde níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ní àgbàlagbà tó bá ṣì ń tẹ̀lé olórin kiri, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí a fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí ayé ń pè ní bùkátà. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n èmi wà lára àwọn tó ń bá wí, mi ò sì lè panu mọ́. Ọmọ lẹ́yìn Síkírù Àyìndé Barrister, olórin fújì, ni mí. Mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, mo ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti kú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Aránṣọ ni mí ní Ọjà'ba, n'Íbàdàn. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ń kọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ báyìí, orin fújì sì ni gbogbo wọn fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́gbọọgba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ààwẹ̀ bá ti dé, àwọn ọmọkùnrin oníwéré á máa yí àdúgbò ká lóru láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Àwa ọmọdé á ti jí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà wa, a kàn ń dúró de ohùn ìlù ni. Inú wéré yẹn ni Barrister ti jáde. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1948, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti ń kọ ọ́. Ó ṣe iṣẹ́ atẹ̀wé, ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Bìáfúrà, lẹ́yìn náà ló wá fi gbogbo ara rẹ̀ fún orin. Kì í ṣe ọmọ olówó. Bó bá ń kí ìyá tó bí i nínú orin, tó ń sọ ìyà tí àwọn jọ jẹ, ìyá mi tó ń gún iyán lọ́wọ́ á dá ọmọ odó dúró. Mo rí i lójú ara mi. Ìyá mi kì í ra àwo, kò sì bìkítà nípa orúkọ olórin kankan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ tí àwo tuntun bá jáde, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ógùnpa á gbé gbohùngbohùn síta, èrò á pé jọ lójú títì. Ẹ mọ̀ pé orin fújì ayé ìgbà yẹn kì í dúró láàárín. Láti ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti kan àwo títí dé òpin ojú kìíní, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, orin kan á máa wọnú òmíràn, onígángan ló máa ń fọnà hàn pé ibí la fẹ́ yà sí. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá parí ojú kìíní, ìgbà yẹn ni ariwo á tó sọ, tí oníkálùkù á máa sọ ohun tó gbọ́. Owó wa kò tó láti ra àwo lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa ń dáwó jọ ra ẹyọ kan, àwo náà á sì máa yípo láàárín wa bí owó àjọ, ọ̀dọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ tìrẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ha á lára, ilé rẹ̀ ni ìpàdé á ti wáyé.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú àwo. Ẹ má tò ó léra, ẹ nà án ró. Ẹ má gbé e súnmọ́ páànù òrùlé, ooru ọ̀sán Ìbàdàn á ká a lẹ́tí bí àkàrà tó wọ epo gbígbóná. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ọyẹ́ burú fún un ju ọwọ́ ọmọdé lọ: ẹ fi omi díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, ẹ tẹ̀lé ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, ẹ má nù ún lódìkejì, kí ẹ wá sá a síbòòji. Àwọn tèmi wà nínú àpótí onígi tí ọkọ mi kàn fún mi. Bí ẹ bá gbé èyíkéyìí sórí ẹ̀rọ, mo lè sọ ibi tí yóò ti fò kó tó fò.

Mo dárúkọ ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọkọ mi, ọmọ lẹ́yìn Kollington Àyìnlá ni.

Àwọn àgbà inú yín á rántí ìjà Barrister àti Kollington. Inú àwo ni wọ́n ti ń jà. Ọ̀kan á gbé àwo jáde, á sọ òkò ọ̀rọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, èkejì á dá a padà nínú tirẹ̀ bó bá ṣe oṣù díẹ̀. Àwa ọmọ lẹ́yìn ló wá ń ṣe iṣẹ́ tó kù: a ń tú òwe, a ń wádìí ta ló ń bá wí, a ń gba ẹ̀sùn tí wọn kò fi kàn wá. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tí a jọ kọ́ṣẹ́, kò wá sí ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi nítorí pé ọkọ mi ní àwo Kollington ni wọn yóò gbé sí i lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí. Ọmọ tuntun wà nílẹ̀, aṣọ ti rán, ẹni tó yẹ kó gbé ọmọ pọ̀n jókòó sílé rẹ̀ nítorí olórin méjì tí wọn kò mọ orúkọ èyíkéyìí nínú wa. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìfẹ́ orin ti ń ba nǹkan jẹ́, ẹ wo ibẹ̀ yẹn, ẹ fi àgbàlagbà tó ń jó sílẹ̀. Àwọn olórin náà sì pàpà parí ìjà wọn nígbà tó yá. Àwa tí a bá wọn jà, ta ló bá wa parí tiwa? Ọ̀rẹ́ mi àti èmi lo ọ̀pọ̀ ọdún ká tó máa kí ara wa bó ṣe yẹ.

Nínú ilé wa, pẹpẹ méjì ló wà ní pálọ̀. Tèmi wà lápá fèrèsé, tirẹ̀ wà lápá ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹnìkejì láìtọrọ. Àwọn ọmọ wa fi ìlù Kollington mọ bàtá, wọ́n fi ti Barrister mọ sákárà, wọn ò sì mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀ rí.

Fún obìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìnira tirẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn olórin, wọ́n á ní ó gbáfẹ́. Obìnrin tó bá fẹ́ràn olórin, wọ́n á béèrè ohun tó wà láàárín òun àti olórin. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màámi, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.” Ó pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́. Ìyàwó àáfà kan ládùúgbò wa náà ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ lójú èrò, mo jókòó síbẹ̀, gèlè mi ò mì. Àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ti gbàgbé pé inú ààwẹ̀ ni orin náà ti wá. Ìdí nìyẹn tí inú mi ṣe dùn dé góńgó nígbà tí Salawa Àbẹ̀ní, ọmọdébìnrin láti ìhà Ẹ̀pẹ́, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí obìnrin bá lè dúró níwájú kó kọ ọ́, ṣé àwa ò lè dúró lẹ́yìn kí a gbè é?

Mo fẹ́ sọ ti òde kan. A rán aṣọ òde náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì pè mí. Barrister ni olórin. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, mo jó súnmọ́ ibi tí àwọn onílù wà. Onígángan kan tí mo ti ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú àwo láti ọdún gbọọrọ jókòó síbẹ̀, kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Mo mọ ìlù rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀: ó ní bó ṣe máa ń fún ọṣán mọ́ abíyá tí ohùn ìlù á fi gòkè díẹ̀díẹ̀, tí kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi ti àwọn yòókù. Ó wò mí, ó ní, “Màmá, kí ni oríkì yín?” Ẹnu mi gbẹ. Ọ̀rẹ́ tí mo bá lọ ló dá a lóhùn pé Àṣàkẹ́ ni. Ọkùnrin yẹn gbé ìlù, ó pè mí ní Àṣàkẹ́, ó tún un pè, ó wá fi oríkì náà wọnú orin tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọ lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ohunkóhun tàsé. Owó tí mo mú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kó o sí, mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹnikẹ́ni. (Nínáwó lójú agbo kò wù mí rí, àgàgà owó tí èèyàn yá. Òfin sì ti kà á léèwọ̀ láti ọdún 2007, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olówó ò gbọ́.)

Mo wá dé ilé, mo wá orúkọ onígángan náà lẹ́yìn páálí gbogbo àwo tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sí níbẹ̀. Fọ́tò ọ̀gá wà níwájú, orúkọ ọ̀gá wà lẹ́yìn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde wà, àwọn tí wọ́n kí nínú orin náà wà. Ẹni tó lu ìlù, ẹni tó mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn tó gbè é, ọ̀pọ̀ páálí ni kò dárúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí, màá sì padà sí i.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Barrister kú ní London. Àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún ló pè mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àga ìránṣọ. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ìròyìn ti gba ìgboro. Ohun tí mi ò retí ló wá ṣẹlẹ̀: àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi. Oníbàárà ń wọlé, ó ń ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù o.” Ìyá alátà ọ̀ọ́kán gbé omi tútù wá. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní kọ̀rọ̀ wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láìsọ nǹkan kan. Ojú tì mí lákọ̀ọ́kọ́, nítorí èmi kọ́ ni wọ́n bí, èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ìyàwó àti ọmọ wà níbi tí wọ́n wà tí wọ́n ń sunkún tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ó yé mi pé gbogbo àwọn tó wá ló fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò kàn mọ ibi tí wọn yóò gbé ìbánikẹ́dùn náà lọ ni, ilé tèmi ló sì súnmọ́ wọn jù lọ. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ síbi pẹpẹ tèmi, ó tọrọ, ó ní, “Ṣé mo lè mú ọ̀kan?” Ó gbé e sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó jókòó tì mí títí ojú méjèèjì fi parí. Ilé olórin náà n'Ísọlọ̀, l'Ékòó, ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ mi ló sanwó ọkọ̀ mi.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní irú ìfẹ́ yìí kì í so èso. Ẹ bá mi bi í léèrè, bí kì í bá ṣe àwa, ta ló mọ̀ pé Wàsíù Àyìndé, olórin fújì tí wọ́n fi jẹ Máyégún ilẹ̀ Yorùbá l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́dún 2020, ọ̀dọ̀ Barrister ló ti ń bá wọn ru irinṣẹ́ kó tó di ẹni tí ayé mọ̀? Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ lẹ́yìn Davido, olórin ìgbàlódé, ni, 30BG ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó máa ń jókòó ti fóònù, á máa bá àwọn ọmọ lẹ́yìn Wizkid, olórin mìíràn, fa ọ̀rọ̀ títí di òru. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo pe ọmọ náà jókòó, mo bi í pé ta ló ń lu ìlù nínú orin tó ń jà fún, ta ló po orin náà pọ̀, ọdún wo ló jáde. Èyí tó mọ̀ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo rò lọ, orúkọ àwọn tó ń po orin wà lórí ahọ́n rẹ̀. Mo wá sọ fún un pé èébú ò wúlò fún nǹkan kan, pé ohun tó mọ̀ yẹn ni kó máa kọ síta. A jọ fi àwo Barrister kan sí i lọ́jọ́ náà, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí agbára mi ò ká: “Ìyá àgbà, ta ló ń lu gángan yẹn?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ọwọ́ ọkùnrin náà. Mo mọ ojú rẹ̀. Orúkọ kan tí wọ́n ń pè é lóde ni mo mọ̀, mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan fún wa nínú ìwé ìròyìn yín, kì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní àwo àtijọ́ nílé, ti fújì, ti àpàlà, ti wákà àti ti jùjú, máa kọ orúkọ àwọn onílù àti elégbè tí wọ́n mọ̀ ránṣẹ́, àdúgbò tí wọ́n ti wá, àti àwo tí ọwọ́ wọn wà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe bó bá ṣì í. Lórí YouTube báyìí, àwọn èèyàn ń gbé àwo wọ̀nyí síta, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san, ṣùgbọ́n èyí tí mo ti rí tó ní ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ kò kéré, òmíràn kò tilẹ̀ ní ọdún rárá. Àwọn onílù yẹn ń darúgbó. Àwọn kan wà tí a ṣì lè bá nílé bí a bá lọ lónìí, tí wọ́n jókòó síwájú ìta, tí ẹni tó ń kọjá kò mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ló mú òun jó níbi ìgbéyàwó òun. Àwa ọmọ lẹ́yìn mọ ilé wọn. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ẹnìkan ò bi wá rí ni.

Kí ẹ má rò pé mo fẹ́ di iṣẹ́ rù yín, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ìwé àjákọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tábìlì tí a ń gé aṣọ lé. Ọkọ mi ń kọ ti àwọn onílù bàtá Kollington sí ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ń kọ ti àwọn sákárà àti gángan Barrister sí iwájú. Ọmọ ọmọ mi ní òun á fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbà, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà wọlé. Ìkán sì ti jẹ páálí àwọn àwo mi kan tó jáde ṣáájú ọdún 1980, ibi tí ọdún wà ló jẹ, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní ti ìgbà yẹn tí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ṣì pé, kó jọ̀ọ́ bá mi dà á kọ ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àṣàkẹ́ aránṣọ,
Ọjà'ba, Ìbàdàn.